Ìgò Tó Gba Orí Pákó Ẹnu Ọ̀nà Kọjá

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọjà, ẹ má ná an. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. N ò bù kún un, n ò sì bù níbẹ̀.

Ní Pításíbọ̀gì ni, lóṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ lọ sùn. Kapitolina, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Kapa, ti ń ṣe ọ̀rá fún Ọ̀gá Rodion ní yàrá ìwádìí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà o. Pólímà ni, wọ́n á yọ́ ọ sómi, wọ́n á kán an sórí gíláàsì tó ń yí bírí, á wá fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Tan iná elésè àlùkò sí i, á máa tàn bí ẹyin iná. Àmọ́ bu ẹ̀tù dúdú tó ń jẹ́ fúlẹ́rínì sí i, ìba bíńtín, títàn yẹn á kú. Ohun tí ọ̀rá ì bá fi tàn, ẹ̀tù ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti fi ṣe iná tó ń gba inú wáyà.

“Agbọkọ-ọlọ́kọ ni ẹ̀tù yìí,” Àǹtí Kapa máa ń sọ, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín.

Àfìgbà tí Yeseniya dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rá tiẹ̀ kì í lábàwọ́n. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọlọ́wọ́ Wúrà. Orúkọ Kapa nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Àga kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń yí gíláàsì. Ọ̀gá ní lọ́jọ́bọ̀ lòun máa mọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Ẹnì kejì á lọ máa fọ ìgò. Látìgbà náà ni tíì ti ń korò lẹ́nu Kapa, ṣúgà mẹ́ta ò ràn án.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Kapa ló po omi ọ̀rá fún Yeseniya. Ó bu ẹ̀tù sí i ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ọ̀rá lè bàjẹ́. Omi inú ìgò pọ́n bí ọbẹ̀ bíìtì, gbòǹgbò pupa tí wọ́n ń sè lọ́hùn-ún. Kò wọlé. Ó dúró lóde, ó na ìgò kọjá lórí pákó ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ níbẹ̀ pé a kì í gba nǹkan lórí pákó yẹn. Nǹkan burúkú máa ń tẹ̀ lé e. Ohun tí Kapa sì ń wá gan-an nìyẹn.

Yeseniya fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Àǹtí, ẹ wọlé kí n tó gbà á.”

“O kàwé tó báyìí, pákó lo wá ń bẹ̀rù?”

Ojú ti ọmọ náà. Ó gbà á.

Ó ṣe ọ̀rá náà. Wọ́n tì í sínú àpótí, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n tan iná sí i. Abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn iná inú wáyà ò mira. Inú Kapa dùn. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó pa iná, ó dé àpótí pa.

Abẹ́rẹ́ gbéra.

Nínú òkùnkùn. Ọ̀gá pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ mítà. Abẹ́rẹ́ dúró síbi tó wà. Kapa jáde lọ pọn omi tíì, abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Kapa wọlé, abẹ́rẹ́ gbéra.

Ọ̀gá gbé ojú kúrò lára mítà, ó wo Kapa.

“Kapitolina, ẹ jáde díẹ̀.”

Ó jáde.

“Ẹ wọlé.”

Yeseniya ló tan iná elésè àlùkò, ó yí i sọ́dọ̀ wọn. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máa ń tàn lábẹ́ iná yẹn, eyín náà máa ń tàn. Ti Ọ̀gá tàn. Ti Yeseniya tàn. Ti Kapa dúdú bí èédú. Ọṣẹ kan náà ni wọ́n fi fọ aṣọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kapa lanu láti sọ̀rọ̀. Eyín ẹ̀ náà dúdú.

Ọ̀gá ò lé e. Ó ní ojoojúmọ́ ni kó máa wá jókòó ti àpótí. Kapa rí àga. Kì í ṣe àga tó ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ti yàrá, á dúró sínú, ní ẹnu ọ̀nà, á na ìgò yẹn síta sí Yeseniya lórí pákó, bóyá nǹkan burúkú náà á bá a jáde lọ.

“Gbà á, ọmọ mi. Jọ̀ọ́.”

“Ẹ gbé e jáde wá, Àǹtí. Màá gbà á níta.”

Bí Yeseniya bá sì rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, tí Ọ̀gá bá a rẹ́rìn-ín, Kapa kì í wẹ̀yìn. Mítà ló máa ń wò. Àpótí wà ní dídé, inú ẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, abẹ́rẹ́ á rọra máa gòkè.