Ìlù Inú Àtàǹpàkò

Orí àpótí onígi ni ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó ń gùn ún, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gùn ún, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Òógùn bo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ara ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe ìwé níbẹ̀. Olùkọ́ wọn, àgbà obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ọkàn, ní kí ọmọbìnrin náà di ọrùn ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí mú, kí ó máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Ó kà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó, ó sinmi, èémí rẹ̀ padà sípò, síbẹ̀ iye tí ọmọbìnrin ń kà kò wálẹ̀. Ńṣe ló ń gòkè.

“Ìka wo lo fi ń kà á, ọmọ mi?” Ìyá Ọkàn bi í.

“Àtàǹpàkò ni, mà.”

“Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀ nínú. Ọkàn tìrẹ lo ti ń kà látàárọ̀.”

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá náà. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ọmọbìnrin náà ìbá wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra mú ìka ọmọbìnrin náà méjì, ó gbé wọn síbi tó yẹ.

“Tèmi nìyí. Òun náà ò kúkú jókòó jẹ́ẹ́.”

Bí ẹ̀fẹ̀ ṣe di ìfẹ́ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ń pè é ní Àtàǹpàkò, òun náà ń pè é ní Adìyẹ Orí Àpótí. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin fi òòlù rọ́bà kan orúnkún ọ̀dọ́mọkùnrin láti dán iṣan rẹ̀ wò, ẹsẹ̀ fò sókè, ó ta abọ́ omi dànù, àwọn méjèèjì sì jọ nu ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá ọmọbìnrin náà, àkọ́bí rẹ̀ sì ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, kò padà sí i mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wá kí i, kò bú u, ó kàn ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ títí ọmọ òun yóò fi gba ìwé ẹ̀rí.

Wọ́n dúró. Nígbà tí ọmọbìnrin fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kúkú fẹ́ra wọn.

“Bí o bá fi í sílẹ̀,” ọ̀dọ́mọkùnrin dá a lóhùn, “bàbá rẹ jàre mi nìyẹn. Ṣí ìwé, olólùfẹ́.”

Ó ṣí i. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó sì yege.

Ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí dé ni ọ̀dọ́mọkùnrin padà wá. Bàbá na ọwọ́, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń dán pákó wò.

“Ọkàn ọmọ yìí ń sáré,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà á.”

Ọmọbìnrin wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Àtàǹpàkò, èyí tó nípọn bí èèkù òòlù, ló tẹ̀ mọ́ iṣan náà. Ó mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré gan-an. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ rẹ̀ wò ó, ó pa ẹnu mọ́.

“Òótọ́ ni, Bàbá,” ọ̀dọ́mọkùnrin wí. “Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iyì ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni ẹ̀rù ń bà.”

Bàbá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi í rọ́pò tirẹ̀. Ìka méjì ni ọmọbìnrin kọ́kọ́ gbé lé e, bí Ìyá Ọkàn ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó fi àtàǹpàkò kún un.