Sálúbàtà Tó Kọjú sí Ògiri

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lá a lálàá. Aránṣọ tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń ránṣọ, ó ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo gíláàsì. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi tó bá a. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun ló gbà á síṣẹ́. Kọ́tìnì tó bá ya, bẹ́díṣíìtì tí àlejò bá fi sìgá jó, aṣọ iṣẹ́ agbáwo tí bọ́tìnì rẹ̀ bá já, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Iṣẹ́ dára. Ilé ni kò sí.

Ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá ń wọ́ wá, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Bí àsìkò ìgbafẹ́ bá ti dé, onílé á kàn rántí pé ọmọ òun ń bọ̀ láti ìdálẹ̀, kí ayálégbé jọ̀ọ́ kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ kankan ò ní bọ̀. Àlejò ló ń bọ̀. Láàárín ọdún méjì, ilé mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ kó wọ̀ tó sì kó jáde. Ó bá obìnrin kan gbé tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn fọ eyín. Ó bá ọmọge méjì gbé tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, òun ló ń jíṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé orí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ẹrù kíkó kọ́ ló ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń pè ní Bọ́tìnì, torí bọ́tìnì lọmọ náà fi ń ṣeré látìgbà tó ti ń rákò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ lọmọ wà, ìrìn wákàtí márùn-ún sí etí òkun. Ẹ̀gbọ́n náà kò rorò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó o bá lo ọdún kan gbáko lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, màá fi ọmọ ẹ ránṣẹ́ sí ẹ." Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ọmọ ti lórúkọ tipẹ́, ilé tí yóò ti máa pè é ló ń wá.

Ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ló mú un dé ilé yẹn. Yàrá kan ṣófo, obìnrin nìkan, ẹni tó mọ ìrìn jẹ́jẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn fún un. Òun ni ẹ̀gbọ́n ilé, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe nílé ìwòsàn. Ẹnìkejì ni Olóhùn, afinimọ̀nà tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò káàkiri ìlú. Gbogbo ohùn tí Ẹlẹ́dàá fún un, ibi iṣẹ́ ló ń ná an sí. Tó bá délé, ó di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àǹtí fi pákó kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń to sálúbàtà inú ilé sí. Ó ní òfin kan ṣoṣo ló wà. Bí o bá jáde, kọ imú sálúbàtà rẹ sí ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ń sùn, kọ ọ́ sí ògiri. Bí o bá wà nílé tí ojú rẹ là, ẹsẹ̀ rẹ ni kó wà. Ẹni tó bá wọlé á ti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń sùn.

"Oorun ọ̀sán bí ẹyin ni," ni Àǹtí wí. "Má fọ́ ọ."

Abẹ́rẹ́ wo orí pákó. Sálúbàtà Olóhùn kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sálúbàtà dúdú kan wà, ó ti gbó, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí apá kan. Ìyẹn kọjú sí ògiri. Abẹ́rẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ilé náà tù ú lára. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn tó ń sọ irú ìtàn yìí máa ń kánjú dé ibi ẹ̀rù. Inú Abẹ́rẹ́ dùn níbẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á se tíì, á jókòó sídìí fèrèsé, á máa gbọ́ òkun lókèèrè. Bó bá sá aṣọ síta tí òjò sì ká a mọ́ ibi iṣẹ́, á bá aṣọ náà nínú ilé, gbígbẹ, kíká, ìṣẹ́po mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé omi tíì lórí iná, ó sáré padà láti ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ti pa iná. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóhùn. Olóhùn rò pé búrẹ́dì tóun fi sílẹ̀ fún un ló ń dúpẹ́ rẹ̀, ó ní kò tó ọpẹ́.

Sálúbàtà dúdú kọjú sí ògiri. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá tó débẹ̀, òjò kan rọ̀ tí omi fi bo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ ní ilé ìdáná lọ́sàn-án gangan fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí ẹni tó ń sùn. Abẹ́rẹ́ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irú iṣẹ́ wo ni obìnrin yàrá kẹrin ń ṣe tí oorun rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí. Olóhùn ní ṣebí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló ń lọ, ìdájí ló máa ń jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní rárá o, iṣẹ́ òru ni, bíi tòun. Abẹ́rẹ́ ní òun tiẹ̀ rò pé mọ̀lẹ́bí Àǹtí ni.

"Ta ló ti rí i rí?" ni Àǹtí bèèrè.

Kò sẹ́ni tó rí i rí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àǹtí pe ájẹ́ńtì tó ń bójú tó ilé náà. Ájẹ́ńtì ní nígbà tí wọ́n fa ilé lé òun lọ́wọ́, ẹnì kan ti wà nínú yàrá yẹn. Wọ́n kàn sọ fún òun pé kí òun má jí i. Òun náà ò sì jí i rí.

Wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn sílẹ̀, wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹrin. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Wọ́n ń gbọ́ èémí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó rọra. Àǹtí ti gbọ́ èémí onírúurú ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní èémí ẹni tí ara rẹ̀ dá ni, ẹni tó ti rẹ̀ gan-an tó wá ríbi sùn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, èémí náà dáwọ́ dúró. Bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dúró wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Àǹtí sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ padà.

Nígbà tí wọ́n fi padà dé ilé ìdáná, Olóhùn ní òun ń kó ẹrù òun. Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ku oṣù méjì kí ọdún kan pé. Bí Olóhùn bá lọ, Àǹtí á tẹ̀ lé e, àlejò ni ájẹ́ńtì á sì kó wọ ibẹ̀. Ó bi Olóhùn pé kí ni obìnrin náà fi ṣe é rí. Olóhùn ní kò fi nǹkan kan ṣe òun.

"Ta ló ń bá ẹ ká aṣọ bí òjò bá ń bọ̀?"

"Ṣebí ìwọ ni."

Abẹ́rẹ́ mi orí. Olóhùn wo Àǹtí, Àǹtí náà mi orí.

"Èmi ni mo ṣòfin," ni Àǹtí wí. "Ẹni tó bá ń sùn, a kì í jí i. Mi ò sọ pé àyàfi ẹni tá ò bá mọ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó kó jáde.

Ṣùgbọ́n ọkàn Abẹ́rẹ́ pín sí méjì. Kí òun nìkan máa gbé pẹ̀lú ẹni tí òun ò rí, ìyẹn ṣeé gbà. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ilé tó yẹ kéèyàn mú ọmọ wá nìyí? Bí kò bá sì mú un wá síbí, ibo ni yóò mú un lọ? Ó ń ka ọjọ́, ayọ̀ lápá kan, ẹ̀rù lápá kan.

Ọdún pé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Ó ní Bọ́tìnì ń bọ̀ pẹ̀lú Bàbá Jẹ́jẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò òun, tí kì í sáré bí ilé rẹ̀ tiẹ̀ ń jó. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò mọ Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ti fi àjákù kọ́tìnì aláwọ̀ ìyeyè rán gáùn kan ránṣẹ́ sí ọmọ náà, ó sì gé díẹ̀ pamọ́ nínú aṣọ ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún awakọ̀ pé ẹni tó bá mú irú aṣọ yìí wá nìkan ni kó fọmọ fún.

Ẹ wo ohun tí ìdùnnú ń fi ènìyàn ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ gbàgbé àjákù aṣọ náà sórí tábìlì ilé ìdáná.

Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì yóò dé. Aago mẹ́ta, kọ́tìnì gbọ̀ngán ńlá já, ó ya, àlejò pàtàkì sì ń bọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá dúró lé e lórí títí ó fi rán an tán. Ó di aago márùn-ún kó tó dìde. Ó tú báàgì rẹ̀, kò rí aṣọ. Ó sáré gba ilé.

Orí tábìlì ṣófo.

Ó wo abẹ́ àga, ó wo inú àpótí. Ó wá yíjú sí pákó. Sálúbàtà Àǹtí kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́. Ti Olóhùn kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tirẹ̀ náà, bó ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀.

Sálúbàtà dúdú kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Oòrùn tàn kárí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ẹ̀rọ ń kán tó, tó, tó. Abẹ́rẹ́ tẹ́tí sí ilẹ̀kùn yàrá kẹrin. Kò sí èémí kankan.

Bó ṣe dé gáréèjì, Bàbá Jẹ́jẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ní ọmọ òun dà. Bàbá náà dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rán ẹni tó wá ni? Ó mú aṣọ náà lọ́wọ́. Ọmọ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i."

Abẹ́rẹ́ bèèrè bí ẹni náà ṣe rí. Bàbá ronú. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ó ní obìnrin ni. Ó tún ronú, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bíi ti ẹni tó wá nǹkan lápò tí kò rí i.

"Ó jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí," ló wí.

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe délé, kò lè sọ ọ́ fún yín títí dòní. Ó ń ké orúkọ ọmọ lójú títì. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ pin. Ó ti ilẹ̀kùn ṣí.

Sálúbàtà dúdú kọjú sí ògiri. Bàtà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku ọ̀nà jíjìn lára rẹ̀. Òun náà kọjú sí ògiri. Àjákù aṣọ ìyeyè wà lórí rẹ̀, kíká, ìṣẹ́po mẹ́ta.

Ó wọ yàrá rẹ̀. Bọ́tìnì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nínú gáùn rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere. Abẹ́rẹ́ fẹ́ kígbe. Ọmọ náà gbé ìka lé ẹnu.

"Ẹ rọra, Màámi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Abẹ́rẹ́ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbọ́ òórùn orí rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìní ohùn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kẹrin. Èémí wà níbẹ̀. Ó yára díẹ̀, bíi ti ẹni tó rìn jìnnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì inú yàrá náà dún lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ó padà sídìí pákó. Ó yí sálúbàtà rẹ̀ sí ògiri, ó tò ó ti bàtà ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sùn ti Bọ́tìnì, oòrùn ò sì tíì wọ̀.