Ohùn Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ

Ìyá Àgbà ki íàpíìsì bọ etí ọ̀tún, ó sì dijú bí ẹni tó fẹ́ mu àgbo. Basheerah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tẹ orin náà, ó sì ń wo ojú rẹ̀. Gìtá ń han bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré, ìlù ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, ọkùnrin kan sì ń fi gbogbo ọ̀fun ké lórí rẹ̀. Basheerah rò pé kíá ni màmá yóò yọ ọ́ dànù. Kò yọ ọ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é tó fi ń ké báyìí?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe é, Ìyá. Orin ni. Mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é."

"Mo gbọ́ pé orin ni. Ṣé kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn ni?"

Basheerah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà dá íàpíìsì padà fún un, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ké bẹ́ẹ̀ ní Gàmbàrí níbí, ìdajì àdúgbò ni yóò ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wá dìde lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ níwájú ilé, nítorí àwọn oníbàárà ti to abọ́ ata kalẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Basheerah, kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ló wà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní Mínà. Òun ló fi í sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà kí ó lè ka ìwé, kí ó sì parí kéú rẹ̀ nínú agbo ilé tí bàbá-bàbá rẹ̀ ti kọ́ àwọn ènìyàn ní Àlùkùránì. Bí irú orin yìí ṣe wá rí etí ọmọ alùfáà wọ̀, kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀, Basheerah gan-an kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí fóònù Zahrah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ńṣe ni àyà rẹ̀ fúyẹ́. Nínú agbo ilé wọn, ọmọbìnrin kì í pariwo. Nínú orin yìí, ẹnì kan ń bá a pa gbogbo ariwo tí kò rí pa.

Zahrah ló mú un wọ ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, Etí Irin lorúkọ rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, Ìlọrin ni gbogbo wọn wà, mẹ́tàlì àti pọ́ǹkì tó le bí òkúta ni gbogbo wọn sì ń gbọ́. Bùọ̀dá Awwal, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Basin, ló dá a sílẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kálukú máa ń fi ohun tó gbọ́ lọ́sẹ̀ náà ránṣẹ́, tí yóò sì kọ ohun tí etí rẹ̀ bá pàdé nínú rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ohun tí o kò bá tíì gbọ́, má sọ ọ́. Ẹni tó bá mú ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí wá ni wọ́n máa ń pè ní Etí Ọ̀sẹ̀.

Basheerah kò jẹ Etí Ọ̀sẹ̀ rí. Ohunkóhun tó bá mú wá, Ahmad tó ń tún fóònù ṣe ní Post Office yóò ní àwọn ti gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún wọra ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù méjì gbáko ló ti ń wá bí yóò ṣe pa Ahmad lẹ́nu mọ́.

Sátidé kan ni ọgbọ́n burúkú kan wá sí i lọ́kàn. Ó kíyè sí i pé bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ Ìyá Àgbà bá gbóná tán, ó máa ń ní ohùn gìtá nínú. Bí òun bá gbà á sílẹ̀, tí òun sì fà á gùn kí ó máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ó tẹ fóònù rẹ̀ kí ó máa gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀rọ, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ láti fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ orin kékeré tí Zahrah yá a wà lápò rẹ̀. Etí méjèèjì ló fi íàpíìsì dí.

Nígbà tó padà síwájú ilé, ẹ́ńjìnnì ti kú, èrò sì ti pé jọ. Gàní, tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, di Ìyá Àgbà mú. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ló gbé etí ìborùn màmá, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọrùn ọwọ́ ti wú, awọ apá sì ti bó.

"Níbo lo wà?" ni Gàní bi Basheerah.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Iṣẹ́ ló ń ṣe lẹ́yìn ilé."

Wọ́n gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì dì í lọ́wọ́. Basheerah sunkún, ó dáná, ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ nu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, tí àwọn Etí Irin bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin wọn ránṣẹ́, ó rántí fóònù ojú fèrèsé. Kò gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀ délẹ̀. Ó ṣáà gé ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn kí ẹ́ńjìnnì tó kú jáde, nítorí ibẹ̀ ni ariwo ti ki jù, ó fi áàpù kan fà á gùn, ó sì fi ránṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan láti abúlé kan ní Nọ́wè, nílẹ̀ òyìnbó, ni. Ó wá hun orúkọ kan pọ̀ fún wọn tí ahọ́n ọmọ Ìlọrin kankan kò lè pè tán.

Fóònù rẹ̀ kò sinmi mọ́. Bùọ̀dá Awwal ní òun ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin, pé ohùn akọrin yẹn ń mú òun gbọ̀n. Zahrah ní òun sunkún. Ahmad pàápàá, Ahmad tí kì í yin ẹnikẹ́ni, kọ ọ́ pé àwọn kan máa ń ṣe bí ẹni pé ara ń ro wọ́n, ṣùgbọ́n ti akọrin yìí kì í ṣe àfarawé. Ó tún fi kún un pé òun ti mọ ẹgbẹ́ náà tipẹ́, pé òun kò kàn sọ ni. Wọ́n fi Basheerah jẹ Etí Ọ̀sẹ̀. Wọ́n sì ní ní ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀, àwọn yóò pàdé ní yàrá Awwal láti fi ẹ̀rọ agbóhùngbòòrò ńlá gbọ́ ọ.

Inú Basheerah ìbá dùn, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ akọrin yìí. Akọrin wo? Òun kò fi akọrin kankan sí i. Ẹ̀rọ ata ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lóòótọ́ sì ni, nǹkan kan ń gòkè lábẹ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gùn, ó sì ṣófo. Ó rò pé bẹ́líìtì ni. Ó tún rò pé áàpù náà ló bà á jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà fi dàrú mọ́ ọn lójú. Ayọ̀ ni àbí ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá yìn ín, á rẹ́rìn-ín. Bó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á tún gbé e láti gbọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó ṣí ojúlówó rẹ̀, èyí tí kò tíì fà gùn. Ó gbé e sétí. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìyá Àgbà pè é. Ti àkọ́kọ́ le. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ohùn náà ti tín-ín-rín, bíi ti ẹni tí kò retí ìdáhùn mọ́. Lẹ́yìn náà ni Gàní kígbe, ẹ́ńjìnnì sì kú. Basheerah fi fóònù sílẹ̀ lórí ẹní ìrun, ó sì bọ́ síta.

Ìyá Àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣa ẹ̀wà. Basheerah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ pè mí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fà yín."

Màmá ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo pè ẹ́," ló wí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá o gbọ́ tàbí o ò gbọ́. Tí mo bá bi ẹ́, tó o ní o gbọ́ ńkọ́?"

Basheerah gbé orí lé itan rẹ̀, ó sunkún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: íàpíìsì, fèrèsé, Nọ́wè, irọ́. Ibi kan kò yé màmá.

"Wọ́n gbọ́ igbe mi, wọ́n ní ó dùn?"

"Wọn ò mọ̀, Ìyá. Èmi ni mo purọ́ fún wọn."

"Ó dáa. Lọ sọ fún wọn pé èmi ni."

Sátidé dé. Ènìyàn méje ló wà ní yàrá Awwal ní Basin. Ó ti so ẹ̀rọ agbóhùngbòòrò mọ́ iná, Ahmad sì ń ṣàlàyé ìtàn ìgbésí ayé akọrin Nọ́wè náà fún ọmọ kan tó jókòó tì í. Basheerah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú tí òun lè bá sọ̀rọ̀ orin yìí, bí àwọn yìí bá lé òun. Ó bẹ Bùọ̀dá Awwal pé kí ó jẹ́ kí òun fi èyí tó wà lórí fóònù òun síbẹ̀. Ó fi ojúlówó náà sí i.

Orúkọ rẹ̀ gba inú yàrá náà kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Màmá mi àgbà nìyẹn," ló wí. "Ẹ̀rọ ata ló fa ọwọ́ wọn. Èmi ni wọ́n ń pè. Etí mi wà nínú orin. Mo purọ́ fún yín."

Ahmad dìde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó bọ́ síta. Zahrah ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bi Basheerah pé ṣé ẹkún tí òun sun ti wá di ẹ̀ṣẹ̀. Awwal pa ẹ̀rọ náà. Ó ní Basheerah rú òfin, kò ní fi orin kankan ránṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ó wá ní ohun tó ń bí òun nínú jù ni pé àwọn mẹ́wàá gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló yìn ín, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ohun tó ń ṣe ẹni náà.

Ìyá Àgbà ti béèrè rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Basheerah ń rò bọ̀ láti Basin dé Gàmbàrí. Kò kórìíra mẹ́tàlì, títí di òní ló ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì yé e tán ìdí tí igbe fi máa ń dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan yé e kedere. Etí tí a ń lò láti fi gba ìyìn kì í ráàyè gbọ́ ẹni tó ń pè wá, ohun tí a sì fi purọ́ bí eré lè jẹ́ igbe ẹni tó fẹ́ràn wa jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́ orin yín, ṣùgbọ́n ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún ilé.

Nígbà tí ọwọ́ Ìyá Àgbà san, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó sì ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra dáadáa. Basheerah jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀, íàpíìsì kan létí, èkejì ń fì lórí àyà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dún, ata bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Basheerah."

Ó ti dìde kí màmá tó pè é tán. "Ìyá?"

"Kò sí nǹkan," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì da abọ́ ata mìíràn sí i. "Mo kàn ní kí n pè ẹ́ ni."