Ẹ̀rọ Orin Inès

"Sẹ̀ríyà, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Láti àárọ̀ ni kò ti tàn mọ́."

Inès ló dúró níwájú ìsọ̀ bàbá Sẹ̀ríyà, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti bátìrì lọ́jà Atakpamé. Ẹ̀rọ orin MP3 kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ti ń bí Sẹ̀ríyà látìgbà tó ti rí i lókèèrè.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìdánwò, wọ́n bá fóònù nínú àpò Sẹ̀ríyà. Fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Òdo ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé. Inès ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Òun náà ló sọ̀rọ̀ sétí olùkọ́ kí wọ́n tó tú àpò wò. Láti ìgbà náà ni Sẹ̀ríyà ti ń wá ọ̀nà àtigbẹ̀san.

"Gbé e sílẹ̀. Padà wá nírọ̀lẹ́."

Bí Inès ti lọ tán, Sẹ̀ríyà gbá eruku kúrò nínú ihò tí wọ́n ti ń fún ẹ̀rọ náà níná. Ó fi í síná, kò tàn. Ó wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò sì tètè gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ojú ẹ̀rọ náà tàn yanran. Ó kàn há ni, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Orin ìjọ, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tí Inès fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀: gbogbo rẹ̀ pé. Sẹ̀ríyà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ náà yóò mọ bó ṣe ń dun ni."

Ó wá ibi tí wọ́n ti ń pa gbogbo nǹkan rẹ́. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin.

Nígbà tí Inès padà dé tó rí i pé ẹ̀rọ náà ti ṣófo, ó bú sẹ́kún.

"Ṣé nítorí orin lo ṣe ń sunkún?" Sẹ̀ríyà bi í.

"Orin kọ́! Ohùn Elvis, ọmọ kíláàsì wa, ni! Ó ń fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun lòun ju fóònù sínú àpò rẹ. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e lọ fún dírẹ́kítọ̀ ilé ìwé wa."

Sẹ̀ríyà sún mọ́ ọn. "Kí lo wá ń sọ sétí olùkọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Pé kí wọ́n jẹ́ kí n jáde. Inú ló ń run mí."

Sẹ̀ríyà kò lè dákẹ́ mọ́. "Èmi ni mo pa á rẹ́," ó wí.

Inès nu omijé rẹ̀ nù. "O ò kúkú bi mí."

Síbẹ̀, ó bá a dé ọ̀dọ̀ dírẹ́kítọ̀ lọ́jọ́ kejì. Elvis sẹ́ kanlẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ béèrè ẹ̀rí, kò sí. Òdo dúró bó ṣe wà. Elvis gba iwájú wọn kọjá, ó ń súfèé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú kì í dúró wádìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ní ti Sẹ̀ríyà, orí ara rẹ̀ gan-an ló bà.