Bàbá-ò-kọ́ọ

Ọmọbìnrin kan di ìwo àgbò ńlá kan mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú bàtà, èkejì wà nínú ẹrẹ̀, ìborùn rẹ̀ sì ti wọ́ bọ́ sí èjìká. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ajá Jámánì olóṣù mẹ́ta kan, irú èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń da àgùntàn lókè òkun, ń lé àwọn àgbò yòókù ká gbogbo àdúgbò ní Àgídìngbì.

Ilésanmí sáré dé, okùn ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lófo. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń ṣọ́, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín in níyà sí ilé tí ọmọbìnrin náà ti ń sin àgbò. Ọ̀gá rẹ̀ ló gbé ajá fún un pé kó tọ́ ọ dàgbà, kó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣíṣọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ni ajá yìí?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọmọbìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹni tí wọn ò tíì kọ́ parí ni wọ́n gbé ajá fún pé kó máa kọ́!"

Àwọn alábàárù tó ń já ẹrù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ilésanmí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Nílé wọn l'Ékìtì, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró ti ògiri, ó lọgun: "Bàbá-ò-kọ́ọ! Wá! Jókòó!"

Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, títí orí ọmọbìnrin náà fi yọ lókè ògiri. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Bàbá ajá, ẹ̀yin gan-an lẹ ò kọ́ ọ, ẹ tún wá ń pariwo ẹ̀ fáyé gbọ́!"

Ó rò pé Ilésanmí ń fi ara rẹ̀ ṣeré ni. Ilésanmí bá a rẹ́rìn-ín, kò sì sọ òótọ́ fún un.

Tinúọlá lorúkọ rẹ̀. Òun ló wá kọ́ Ilésanmí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹran. "Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Tó bá ṣe dáadáa, ẹ fún un ní pọ̀nmọ́ díẹ̀." Kí àsìkò òjò tó parí, ajá náà ti lè da àgbò méjìlá wọlé láì bu ọ̀kan jẹ. Tinúọlá ò sọ "ẹ" fún un mọ́. "Ilé mi" ló ń pè é. Ilésanmí náà ń pè é ní Àmọ̀kẹ́, oríkì tí bàbá Tinúọlá fi ń kí i láràárọ̀ lẹ́yìn ògiri: Àmọ̀kẹ́ mi, ajíbu-omi kí àgbò tó ké, ọwọ́ rẹ ò ní mọ ìyà.

"Mo fẹ́ rí bàbá ẹ," Ilésanmí sọ níjọ́ kan.

Ojú Tinúọlá rẹ̀wẹ̀sì. "Wọn ò fẹ́ rí ẹ. Wọ́n ní àwọn lò ń fi ajá bú. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kán, ó ku ọdún kan kí n parí sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n yọ mí kí n lè máa tọ́jú àgbò. Gbogbo ìgbà tó o bá ti pe ajá yẹn, wọ́n á ní, 'Bàbá ò kọ́ ọ. Òótọ́ ni, mi ò kọ́ ọ.' Mo ti bá wọn jiyàn títí pé ajá lò ń sọ." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Àbí ajá kọ́?"

Ilẹ̀ ni Ilésanmí ń wò. "Ìwọ ni mo fi bú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn."

Tinúọlá tú okùn àgbò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un so, ó tún tú u. "Tí mo wá ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí?"

Ó wọlé lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá, orí rẹ̀ ò yọ lókè ògiri. Ilésanmí pe ajá ní Kìnnìún, ó pè é ní Ìrètí. Ajá kàn ń wò ó. Èébú yẹn nìkan ló ń jẹ́, ẹnu Ilésanmí ò sì gbà á mọ́. Àtẹ́wọ́ ló fi ń pè é. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: Olúwa, bá mi di ẹnu mi yìí mú.

Lọ́jọ́ kejìlá, ó so ajá mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àgbò, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú imí àgbò níwájú bàbá Tinúọlá, Bàbá Àlàmú.

"Ẹ dákun, sà. Inú ló bí mi, mo bú ẹni tí mi ò mọ̀. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, mo tún dákẹ́."

"Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé òótọ́ ni," Baba sọ. "Kí lò ń pè é báyìí?"

"Kò jẹ́ orúkọ mìíràn, sà."

"Kò lè jẹ́ ẹ. Ohùn yẹn ti mọ́ ọn létí." Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n húkọ́. "Bàbá-á-kọ́ọ!"

Etí ajá nà ṣánṣán. Ó fa okùn já, ó sáré wọlé, ó jókòó síwájú Baba.

"Bàbá á kọ́ ọ," wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti rọ̀. Kì í ṣe ajá ni wọ́n ń wò. Tinúọlá ni, tó dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú abọ́ èérí ògì tí wọ́n fi ń bọ́ àgbò lọ́wọ́. "Ilé-ìwé ìrọ̀lẹ́ wà ní Dópẹ̀mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin, tí mo bá fún ọ lọ́mọ yìí, ta ni yóò máa da àgbò wọlé tó bá wà ní kíláàsì?"

"Èmi àti ajá, sà."

"Àmọ̀kẹ́, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá." Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó wá dúró níwájú Ilésanmí tó ṣì dọ̀bálẹ̀. Imí àgbò ti kún gbogbo àyà ẹ̀wù rẹ̀, kò sì lè gbójú sókè.

"Jókòó," Tinúọlá wí.

Ajá tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ tún fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ilésanmí náà dìde, ó jókòó tì í.

Tinúọlá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó na ọwọ́ tí èérí bò sí i, ó ní, "Kò burú. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́."