Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tíṣà

Màmá Àgbà ni ká kọ́kọ́ bá wí o, torí bí a ò bá a wí, òun náà á bá ara rẹ̀ wí. Àgbàlagbà tí ìdí rẹ̀ kún àga bámúbámú, tí ọpọlọ rẹ̀ ò kún ìdérí ìgò! Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, Fáàrí, kìkì nítorí pé ó pè é ní "Arẹwà mi". Arẹwà! Ẹni tí eyín ń kọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan!

Àkọ́bí Màmá ti kú. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ló ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń gé irin tó ti dípẹtà kúrò, ó ń jó tuntun mọ́ ọn, ó ń fín ọ̀dà sí i. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń mu. Ibẹ̀ náà ni ojú Fáàrí wọ̀, ọ̀lẹ tó fẹ́ kórè oko tí kò ro!

"Olè ni ìyàwó yìí!" Fáàrí ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ tí Tíṣà wá gba ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ wo bí ọ̀dà ilẹ̀kùn yìí ṣe ń wú! Pọ́tì, àmọ̀ lásán, ló rọ́ sínú ihò ìpẹtà, ó wá kun ún bí ìyàwó tuntun!"

Tíṣà, bàbá arúgbó tó ni ọkọ̀, yọ òòfà kékeré tí í fa irin mọ́ra lápò. Ó fi lé ilẹ̀kùn yẹn, òòfà já bọ́. Ó fi lé ìkejì, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Inú bí Màmá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́! "Ìyàwó! O fẹ́ ba orúkọ ọmọ mi jẹ́ mọ́ ọn nínú sàréè? Kó ẹrù ẹ! Kílẹ̀ tó ṣú, mi ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ ẹ nínú ilé yìí!"

"Màmá, mo bẹ yín, ẹ gbọ́ tẹnu mi."

"Tẹnu ẹ wo? Olè wo ni kì í ní àlàyé?"

"Arẹwà mi, ẹ má dá a lóhùn," ni Fáàrí wí. "Màá máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù fún yín."

Ìyàwó ò sunkún. Ó mú sukudiráfà, ó tú awọ tó bo inú ilẹ̀kùn náà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni ọkọ̀ yín látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á?"

"Àwọ̀ ewé. Kò ní òmíràn rí."

"Ẹ wá wo inú ẹ̀."

Pupa ni! Pupa fòò! Òpònú ti kun ìta, ó gbàgbé pé ilẹ̀kùn ní inú!

Ojú gbogbo wọn yí sí ọkọ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkọ̀ àtijọ́ tí Fáàrí fi ń yangàn, irú ti Tíṣà gan-an. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí ó kàn dédé jọ̀lọ̀. Màmá gan-an ti yìn ín!

Fáàrí fò síwájú rẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi! Kí n má jí lọ́la tí mo bá—"

"Má tíì kú, kúrò níbẹ̀ yẹn!" Màmá fìdí tì í, ó ṣubú gbì lé garawa ọ̀dà. Ìdí náà wúlò lọ́jọ́ náà! Màmá mú sáńpépà, ó ń ha ilẹ̀kùn náà kíkankíkan. Pupa bọ́, àwọ̀ ewé yọjú.

"Ilẹ̀kùn mi rèé!" Tíṣà kígbe.

"Ọmọ burúkú!" Màmá ju sáńpépà lù ú. "O jí iṣẹ́ òógùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ, o fi tìẹ tó ti jẹrà rọ́pò, o tún pè é lólè! Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀!"

"Arẹwà mi, ẹ dárí jì—"

"Arẹwà ẹ ti kú! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Fáàrí fi tú ilẹ̀kùn Tíṣà padà fún un, lójú gbogbo aládùúgbò tó rọ̀ mọ́ ọgbà. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde láìnílẹ̀kùn, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ọ̀dà, ẹ̀rín sì ń lé e lọ bí ajá. Tíṣà búra pé kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní gbọ́ ohun tí Fáàrí ṣe.

Màmá na kọ́kọ́rọ́ sí Ìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀bù ni tìẹ, ilé ni tìẹ. Ṣé o rí i? Òtítọ́ kì í sọnù."

Ìyàwó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó rọra nu gíríìsì ara rẹ̀.

"Màmá, ká ní Fáàrí kun inú ilẹ̀kùn náà ńkọ́?"