Àwọn Fọ́nrán Tó Yọ́ Bọ́ Lọ́wọ́

Ọwọ́ ọkùnrin náà ti wọ inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí dé ìgúnpá, òwú funfun lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín sí obìnrin tó ká a mọ́ ibẹ̀. Bí Afura ṣe kọ́kọ́ rí oníṣirò tuntun náà nìyẹn.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹni tó máa bá mi sọ̀rọ̀."

"Nínú ìdọ̀tí?"

"Mo ti rí i báyìí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Afura, ó gbé e mì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wọn gígùn fọ́nrán òwú nílé iṣẹ́ aláṣọ náà. Kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti fi ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ.

Oníṣirò a máa kó ohun tí Afura bá wọ̀n sínú kọ̀ǹpútà, a sì fi ìṣirò mọ ibi tí fọ́nrán ti ń já. Láàárọ̀, á gbé tíì wá fún un. Nírọ̀lẹ́, á sìn ín dé géètì. Ṣùgbọ́n kò yé béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń ya òwú bí ẹni ń ya irun, bẹ́ẹ̀ bàbá Afura ló wà nídìí ẹ̀rọ ọ̀hún. Ọkàn Afura ti ń fà sí i, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó túbọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Àfi bí ọ̀gá ṣe pe bàbá. Ó ní ìṣirò ti fi hàn pé fọ́nrán gígùn ló ń wọ ẹ̀rọ rẹ̀, kúkúrú ló ń jáde, ọwọ́ bàbá ni wọ́n ti ń já. Kí bàbá máa múra ilé.

"Àṣé torí bàbá mi ni gbogbo tíì yẹn," ni Afura sọ fún oníṣirò. Kò dúró gbọ́ èsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó rí i tó tún ń bu òwú látinú apẹ̀rẹ̀ sápò. Ó yọ́ tẹ̀ lé e dé yàrá tí wọ́n ń kó ìdì òwú sí.

"Ẹ ṣì ń wá ẹ̀sùn kún ẹ̀sùn?"

"Àṣìṣe ara mi ni mò ń wá. Fọ́nrán kúkúrú ló kún inú ìdọ̀tí yẹn, mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó fa òwú yọ lára ìdì. Àwọn fọ́nrán gígùn tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Àwọn kúkúrú yọ́ bọ́. "Báyìí ni mo ṣe mú èyí tí mo ní kẹ́ ẹ wọ̀n. Àwọn kúkúrú ti wà níbí kí òwú tó dé ọ̀dọ̀ bàbá. Èmi ni mi ò kà wọ́n."

Ara Afura rọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Ẹ lọ sọ ọ́ níwájú ọ̀gá, kí n máa gbọ́."

Ó sọ ọ́, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Bàbá padà sídìí ẹ̀rọ. Oníṣirò ni wọ́n ní kó máa lọ.

Nígbà tó wá tọrọ Afura nílé lọ́jọ́ ìsinmi, bàbá kò tètè fún un ní àga.

"Ìwọ tó fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lo fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

"Èmi náà ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O ti ṣa èyí tó gùn mú nígbà kan. Ta ló mọ̀ bóyá ibi tó dáa lára ọmọ mi nìkan lo rí?"

"Mo ti rí ìbínú rẹ̀, bàbá. Mo mọ bó ṣe ń fura. Mi ò ní ṣà á. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́."

Bàbá na ọwọ́ sí àga. Oníṣirò jókòó. Afura jókòó tì í, ó rí òwú kan tó ṣì kù nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.

"Mi ò tíì gbà ẹ́ gbọ́ tán o," ló wí, ṣùgbọ́n òwú ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò.